Ọ̀nà wo ló dára jù láti darí ìrísí déètì nínú ṣíìtì? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ yàn

Ẹ wo déètì yìí dáadáa: 04/03/2025. Ẹni tó ń kọ déètì bí àwọn ará Ìlú Ọba ṣe ń kọ ọ́ yóò kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ará Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Kò sí èyí tó ṣì í kà nínú àwọn méjèèjì. Bí kálukú ṣe ń kọ ọ́ nílé tirẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ló wà láàárín ìtumọ̀ méjèèjì, kò sì sí àmì kankan lára sẹ́ẹ̀lì náà, ìyẹn àpótí tí déètì wà nínú ṣíìtì, tó lè sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ fún yín.

Mo ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ oṣù kẹta kan ránṣẹ́ sí mi, ó ju ẹgbẹ̀ta ìlà lọ, pé kí n tò ó tẹ̀léra wọn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Mo tò ó, mo fi jíṣẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan wá bi mí pé kí ni oṣù kọkànlá ń wá nínú àkọsílẹ̀ oṣù kẹta ni ojú mi tó là. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kìn-ín-ní sí ọjọ́ kejìlá ti fọ́n ká sórí oṣù méjèèjìlá ọdún, gbogbo wọn sì bọ́ sí ọjọ́ kẹta oṣù. Láti ọjọ́ kẹtàlá lọ, kọ̀ǹpútà wá oṣù kẹtàlá tì, ó wá fi wọ́n sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Kò kígbe, kò fi àmì pupa kankan hàn mí. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi tún un ṣe, àtìgbà náà ni mo ti ń fi ara balẹ̀ yan bí déètì yóò ṣe hàn kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Nọ́ńbà ni ara, ìrísí ni aṣọ

Excel, Google Sheets àti LibreOffice Calc, ètò mẹ́ta tí a fi ń ṣe ṣíìtì, ń tọ́jú déètì lọ́nà kan náà: nọ́ńbà ni. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2025 jẹ́ 45720 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ 45721. Ohun tó bá wà lẹ́yìn pọ́ìntì ni aago: 45720.75 jẹ́ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjọ́ ti lọ. Ohun tí ẹ ń rí lójú sẹ́ẹ̀lì, ìbáà jẹ́ 4/3/25 tàbí 2025-03-04, aṣọ lásán ni. Ẹ lè pààrọ̀ aṣọ nígbà ogún, ara kò ní yí padà.

Excel bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, ó pe ọjọ́ náà ní 1. Google Sheets àti LibreOffice pe ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1899 ní 0. Wọ́n wá bá ara wọn mu láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 1900 títí di òní. Ìdí rẹ̀ ni pé Excel ka ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 1900 mọ́ ọn, ọjọ́ tí kò sí láyé. Lotus 1-2-3, ètò tó gbajúmọ̀ ṣáájú rẹ̀, ló ní àṣìṣe yẹn, Microsoft sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ lé e kí fáìlì méjèèjì lè bá ara wọn mu.

Ìkà kejì tún wà nínú Excel, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1904, tí ó wá láti orí kọ̀ǹpútà Mac. Bí ẹ bá da déètì kọ láti inú fáìlì kan sínú òmíràn, tí gbogbo rẹ̀ sì sún pẹ̀lú 1,462 ọjọ́, ìyẹn ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan, ẹ má ṣe wá ẹbọra kankan. Fáìlì kan ń ka láti 1900, èkejì ń ka láti 1904.

Kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ara wà lábẹ́ aṣọ tí ẹ ń wò. Nínú Excel, ẹ yan sẹ́ẹ̀lì náà kí ẹ sì tẹ Ctrl+Shift+~. Bí ó bá di 45720, déètì gidi ni. Bí ó bá dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ tó múra bí déètì ni, kò sì sí ìrísí kankan tí yóò ràn án. Nínú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, =ISNUMBER(A2) yóò dáhùn TRUE tàbí FALSE. Ojú náà ń tètè rí i: bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì yí ìtò sẹ́ẹ̀lì padà, nọ́ńbà máa ń fara ti apá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ a máa fara ti apá òsì.

Aṣọ ọjà àti aṣọ tí a rán

Ọ̀nà tó yá jù ni ìrísí tó ti wà nílẹ̀. Ctrl+Shift+3 ń fi ìrísí déètì wọ sẹ́ẹ̀lì nínú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ aṣọ tí wọ́n ń fún un kì í ṣe ọ̀kan náà: Excel ń fún un ní irú 4-Mar-25, àwọn méjì tó kù ń lo ìrísí tó bá èdè àti orílẹ̀-èdè tí ẹ yàn mu. Ó dára fún iṣẹ́ tí ẹ̀yin nìkan yóò wò.

Ibi tó ti ń dani ni Short Date inú Excel. Bí ẹ bá ṣí Format Cells pẹ̀lú Ctrl+1, tí ẹ wo abẹ́ Date, ẹ ó rí i pé ìràwọ̀ kékeré kan (*) wà níwájú àwọn ìrísí méjì àkọ́kọ́. Ìràwọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé ìrísí náà kò sí nínú fáìlì yín. Inú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń wò ó ló wà. Ẹ̀yin rí 04/03/2025, ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí lókè òkun rí 3/4/2025. Ẹ wá jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ yín kò sì bá ara wọn mu. Mi ò kí ń fi déètì tó ní ìràwọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fọwọ́ ara yín rán aṣọ náà, ìyẹn Custom inú Format Cells. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí òun ni mo ń lò lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ẹ nílò: d fún ọjọ́, m fún oṣù, y fún ọdún. Iye ìgbà tí ẹ bá tún lẹ́tà kọ ló ń sọ bí ohun náà yóò ṣe gùn tó. Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, 45720, bó ṣe ń múra:

d/m/yy → 4/3/25
dd/mm/yyyy → 04/03/2025
d mmm yyyy → 4 Mar 2025
dddd, d mmmm yyyy → Tuesday, 4 March 2025
yyyy-mm-dd → 2025-03-04
"Ọjọ́" d "oṣù" m, yyyy → Ọjọ́ 4 oṣù 3, 2025

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ohunkóhun tí ẹ bá fi sáàárín àmì àyọlò yóò hàn bí ẹ ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pérépéré, síbẹ̀ nọ́ńbà ṣì ni sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹ lè tò ó, ẹ lè fi ọjọ́ kún un, ẹ lè yọ ọjọ́ kúrò. Ẹni tó bá wò ó yóò ka Yorùbá.

Ẹ ṣọ́ra fún m. Bí ó bá tẹ̀ lé h (wákàtí), tàbí tó ṣáájú s (ìṣẹ́jú àáyá), ìṣẹ́jú ni yóò jẹ́, kò ní jẹ́ oṣù mọ́. Ìdí nìyẹn tí dd/mm/yyyy hh:mm fi lè gbé oṣù àti ìṣẹ́jú jáde pọ̀ láìsí wàhálà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá sì kún fún ####, ẹ fẹ òpó náà ná. Déètì yín kò sọnù, àyè ni kò gbà á. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́ tí kò lọ nínú Excel, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ òdo, bóyá nítorí pé ẹ yọ déètì tó wá lẹ́yìn kúrò nínú èyí tó ṣáájú.

TEXT: ó ń sọ déètì di ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sá tọ TEXT lọ, torí pé fọ́múlà kan ni, ó sì tètè yé wọn: =TEXT(A2,"dd/mm/yyyy"). Ohun tó ń jáde lójú jọ ti Custom pátápátá. Nínú ikùn ni wọ́n ti yàtọ̀. Custom pààrọ̀ aṣọ. TEXT ya fọ́tò ẹni náà, ó sì fún yín ní fọ́tò.

Bí ẹ bá fẹ́ to fọ́tò yẹn, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. 05/01/2025 yóò ṣáájú 20/12/2023, torí pé 0 ń ṣáájú 2. Bí ẹ bá lo "mmmm" pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì, April ni yóò kọ́kọ́ jáde, August á tẹ̀ lé e, torí pé á-bí-dí ló ń tò. PivotTable, irinṣẹ́ tó ń ṣe àkópọ̀ àkọsílẹ̀, pàápàá kò ní lè kó wọn jọ sí oṣù oṣù. Ìrísí kan ṣoṣo tó ń yè é lọ́wọ́ TEXT ni yyyy-mm-dd, nítorí ọdún ló ṣáájú, lẹ́yìn náà oṣù, kí ọjọ́ tó dé. Bí a bá tò ó bí ọ̀rọ̀, yóò bá bí ọjọ́ ṣe tẹ̀léra mu.

Àléébù kejì farapamọ́. Ìrísí tí ẹ bá fi Format Cells ṣe, Excel ń túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí fáìlì bá dé orí kọ̀ǹpútà elédè mìíràn. Èyí tó wà nínú TEXT, kò ní fọwọ́ kàn án. Lórí Excel tí a ṣètò fún èdè Jámánì, TT.MM.JJJJ ni wọ́n ń kọ. Ti Faransé jẹ́ jj/mm/aaaa. Fọ́múlà yín tó ní "yyyy" lè débẹ̀ kí ó sì gbé lẹ́tà yyyy jáde ní ibi tí ọdún yẹ kó wà.

Ṣé kí a wá sọ TEXT nù ni? Rárá. Ibì kan wà tí kò sí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀, ìyẹn nígbà tí déètì bá fẹ́ wọ inú gbólóhùn. Bí ẹ bá kọ ="Ìpàdé yóò wáyé ní "&A2 nínú Excel, ẹ ó rí "Ìpàdé yóò wáyé ní 45720". Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ pé déètì jẹ́ nọ́ńbà títí di ọjọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí wọn. ="Ìpàdé yóò wáyé ní "&TEXT(A2,"d/m/yyyy") ló máa tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí A2 wà níbi tó wà, kí TEXT sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ orúkọ ọjọ́ ní Yorùbá, fọ́múlà yìí ń ṣiṣẹ́ nínú ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì bìkítà nípa èdè kọ̀ǹpútà:

=CHOOSE(WEEKDAY(A2),"Àìkú","Ajé","Ìṣẹ́gun","Ọjọ́rú","Ọjọ́bọ̀","Ẹtì","Àbámẹ́ta")

WEEKDAY ń pe ọjọ́ Àìkú ní 1, ó ń bọ̀ títí dé Àbámẹ́ta tó jẹ́ 7. Fún 45720, Ìṣẹ́gun ni yóò jáde.

Ṣíṣètò ibùgbé fáìlì

Ibùgbé (Locale) ni èdè àti orílẹ̀-èdè tí ètò náà ń tẹ̀ lé. Ṣíṣètò rẹ̀ ni ọ̀nà tó jinlẹ̀ jù, torí kì í ṣe bí déètì ṣe ń hàn nìkan ló ń darí. Ó ń darí bí ètò náà ṣe ń gbọ́ ohun tí ẹ tẹ̀. Ìyẹn ni pé ó lè yí ara padà, kì í ṣe aṣọ nìkan. Ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ mi ọjọ́sí ti bàjẹ́.

Ibi tí ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra jù lọ nìyí. Excel orí kọ̀ǹpútà ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, ìyẹn Windows tàbí macOS. Bí ẹ bá yí i níbẹ̀, gbogbo fáìlì yín ló kàn. Google Sheets fi í sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan: ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Settings, ẹ ó rí Locale. Gbogbo ẹni tó bá jọ ń lo fáìlì náà ń rí ohun kan náà, ibi yòówù tí wọ́n wà. Fún iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pawọ́ pọ̀ ṣe láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, mo gbà pé Google Sheets ló yan ọ̀nà tó tọ́, n kò sì rí ìdí tí ènìyàn fi máa fi Excel orí kọ̀ǹpútà ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí òfin ibi iṣẹ́ kò bá fi dandan mú un.

LibreOffice fún yín ní agbára tó pọ̀ jù. Nínú Tools, Options, lábẹ́ ètò èdè, ẹ lè yan ibùgbé, ẹ sì tún lè kọ irú déètì tí ó gbọ́dọ̀ gbà síbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ M/D/Y;M/D. Bí ẹ bá sọ ọ́ di D/M/Y;D/M, 13/03 kò ní ṣì í lọ́nà mọ́. Ó tún ní àwọn lẹ́tà ìrísí tí Excel kò ní, bí Q tó ń gbé ìdá mẹ́rin ọdún jáde. Ẹni tó ń lo Excel ní láti kọ ="Q"&ROUNDUP(MONTH(A2)/3,0), ọ̀rọ̀ sì ni yóò jáde. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàn náà, LibreOffice ni kó mú: Excel kò mọ déètì kankan tó ṣáájú ọdún 1900, ọ̀rọ̀ lásán ló kà wọ́n sí.

Ohun kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà lẹ́nu ara wọn ni pé bí ẹ bá tẹ 2025-03-04, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni wọn yóò gbọ́, ibùgbé yòówù tí ẹ yàn. Ìlànà àgbáyé ISO 8601, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1988, ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́múlà, =DATE(2025,3,4) ń ṣe iṣẹ́ kan náà: ọdún, oṣù, ọjọ́, kò sí àríyànjiyàn.

Nígbà tí ẹ kò fẹ́ déètì rárá

Ìgbà mìíràn, ohun tí ẹ tẹ̀ kì í ṣe déètì, ètò náà ló ń fi agídí sọ ọ́ di déètì. Nọ́ńbà ilé bíi 3-4 á di ọjọ́ kan nínú oṣù. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ gan-an. Àwọn jíìnì (ohun tó ń gbé àbùdá nínú ara) kan ń jẹ́ MARCH1 àti SEPT1 tẹ́lẹ̀, Excel sì ń sọ wọ́n di déètì. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn àpilẹ̀kọ tó so àkójọ jíìnì mọ́ra pẹ̀lú Excel ló ní irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì ènìyàn lórúkọ pààrọ̀ orúkọ wọn sí MARCHF1 àti SEPTIN1. Ó dùn mí pé jíìnì ló yí orúkọ padà fún ètò kọ̀ǹpútà. Ní 2023, Microsoft fi ibi tí a ti lè pa àṣà náà sínú Excel, nínú File, Options, Data.

Bí ti yín kò bá ní i, ẹ sọ òpó náà di Text kí ẹ tó tẹ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán kò ṣe é ṣe mọ́, torí nọ́ńbà ti gba ipò rẹ̀, Text yóò kàn fi 45720 hàn yín ni. Àmì ' níwájú ọ̀rọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún sẹ́ẹ̀lì kan.

Fáìlì CSV: ibi tí aṣọ ti ń di ara

Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa ara àti aṣọ dópin nígbà tí ẹ bá fi fáìlì pamọ́ bíi CSV, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí kọ́mà ń pín. CSV kò mọ nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó hàn lójú ni Excel ń kọ sínú rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń fi 4-Mar hàn, 4-Mar ni yóò wọlé, ọdún ti lọ. Bí ẹ bá tún un ṣí ní ọdún mìíràn, ọdún tí ẹ ṣí i ni yóò fi kún un. Bí ẹ bá fi ọdún hàn ní nọ́ńbà méjì, Excel fúnra rẹ̀ ni yóò yàn bóyá 1900 ló ti wá tàbí 2000. Ẹni tí wọ́n bí ní 1928 yóò di ẹni tí wọ́n máa bí ní 2028. LibreOffice ń béèrè lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń fi í pamọ́ bóyá bó ṣe hàn ni kó kọ ọ́. Ó dára kí ẹ ka ìbéèrè náà kí ẹ tó tẹ OK.

Bí ẹ bá ń ṣí CSV tí ẹlòmíràn ṣe, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú Excel, ẹ gba Data, From Text/CSV kọjá, níbi tí ẹ ti lè sọ ibùgbé tí déètì náà ti wá. LibreOffice máa ń gbé ojú ìwé kan jáde fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ orí òpó náà, kí ẹ yan DMY, MDY tàbí YMD. Ìṣẹ́jú kan yẹn ni ì bá gba ọjọ́ méjì mi là.

Èyí tí mo máa ń mú

Fún ènìyàn tó máa kà á, Custom pẹ̀lú orúkọ oṣù, d mmm yyyy, torí kò sẹ́ni tó lè ṣi Mar kà sí oṣù kẹrin. Fún ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí CSV, yyyy-mm-dd, kò sí àfikún. Fún gbólóhùn inú lẹ́tà tàbí àkọlé, TEXT, nínú sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tó wà káàkiri, Google Sheets, kí ẹ sì yan Locale ní ọjọ́ tí ẹ dá fáìlì náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ déètì kankan sínú rẹ̀. Dd/mm/yyyy, iṣẹ́ tí kò ní kúrò lọ́wọ́ yín nìkan ni mo ń fi í sí.

Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, ẹ wá déètì kan tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju 12 lọ, tí ẹ sì mọ ọjọ́ tó bọ́ sí nínú ọ̀sẹ̀. Ẹ fi dddd wọ̀ ọ́ fún ìgbà díẹ̀. 04/03/2025 gbọ́dọ̀ sọ Tuesday. Bí ó bá sọ Thursday, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn, kí ẹ sì padà sí ibi tí fáìlì náà ti kọ́kọ́ wọlé.